Àgbéyẹ̀wò Ipa Aṣáájú Nínú Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Àwọn Yunifásítì Nàìjíríà

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́, ni ẹ̀kọ́ àìfojúkojú dé Nàìjíríà. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ọdún 1983 ni a dá National Open University sílẹ̀. Ìjọba ológun dá a dúró ní 1984, a kò sì jí i dìde títí di 2002. Ọdún méjìdínlógún ṣòfò.

Lérò tiwa, àṣìṣe aṣáájú ni èyí, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Àṣìṣe náà kò sì tíì tán: ọ̀pọ̀ aṣáájú ka rírà kọ̀ǹpútà sí ìmúrasílẹ̀. Bí a bá kàn gbé àkọsílẹ̀ kíláàsì sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìtún un tò, ìwé lásán ni a gbé síbẹ̀, a kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni. A kò jiyàn pé àìsí iná mànàmáná àti ọ̀wọ́n dátà jẹ́ ìdènà. Ṣùgbọ́n gíwá tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣètò ẹ̀kọ́ tí fóònù kékeré lè gbé.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ olùkọ́ ni ilé náà. Níbẹ̀ ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀.