Dígí Tó Bá Ojú Awakọ̀ Mu

Ẹni tó bá rò pé kí wọ́n kàn tú ti àtijọ́ kí wọ́n sì de tuntun ni iṣẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kó lọ dúró ti rìwáyà tó mọṣẹ́ ní ọjà Ládípọ̀, ní Múṣin. Ford Mustang 2007 ni mo bá lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn méjì, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Dígí tó bá a wá ti fọ́. Àwọn tí ẹni tó ni ín rà dípò wọn, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe wọ́n, kì í ṣe Ford.

Ọ̀gá náà kò tíì mú sípánà tó ti gbé dígí méjèèjì sókè, tó ń yẹ ojú wọn wò. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti apá ọ̀tún lè wú díẹ̀, òun ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí lára pé ohun tó wà nínú rẹ̀ sún mọ́ni ju bó ṣe hàn lọ. Bí èyí tó wú bá lọ sí apá òsì, ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ èyí tó tẹ́ yóò rò pé ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣì jìnnà, yóò sì yà sí i níwájú.

Ike pẹlẹbẹ ló fi ṣí ìbòrí onígun mẹ́ta tó wà nínú ilẹ̀kùn, kó má baà họ ọ́. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta yọjú. Kó tó fọwọ́ kàn wọ́n, ó fi àkísà dí ihò tó wà nísàlẹ̀ wọn, torí nọ́ọ̀tì tó bá já sínú ilẹ̀kùn lè mú kí wọ́n tú gbogbo inú rẹ̀ kalẹ̀.

Ibi wáyà ló wù mí jù. Mọ́tò kékeré méjì ló wà lẹ́yìn dígí, ọ̀kan fún òkè àti ilẹ̀, èkejì fún òsì àti ọ̀tún. Wáyà mẹ́ta ló tó wọn, torí wọ́n jọ ń lo ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọ̀ wáyà tuntun kò bá ti Ford mu. Kò méfò rárá: ó mú bátìrì kékeré, ó ń fi wáyà kàn án ní méjì méjì. Dígí gbọ̀n, ó wòkè. Ó yí wáyà padà, dígí wolẹ̀. Ó fi téépù sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó so wọ́n.

Gíláàsì ilẹ̀kùn ọkọ̀ yìí kò ní férémù, rọ́bà ló ń lọ bá tààrà. Bí ìdí dígí kò bá jókòó dáadáa, atẹ́gùn yóò máa súfèé létí awakọ̀ lójú títì. Ọ̀gá fi bébà há àárín gíláàsì àti rọ́bà, ó fà á, ó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ló bá tú nọ́ọ̀tì, ó tún ìdí dígí gbé, ó sì tún un dè, títí fífa bébà náà fi le. Ó wá pe ẹni tó ni ọkọ̀ sí ìjókòó awakọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ẹ má jókòó bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò."

Ó ní kí onítọ̀hún fi orí ti gíláàsì, ó wá ń yí dígí síta títí ara ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹnjiníà George Platzer kọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1995 gan-an nìyẹn, kí ohun tó bá ń kúrò nínú dígí àárín lè máa bọ́ sínú ti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń fi ìdajì dígí wo ilẹ̀kùn ara wọn. Ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá náà rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ẹ ṣì ń rí i?"

"Mò ń rí i."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ mi, ojú mi ti gbà á."

Ọ̀gá mi orí, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún.