Ìka Tó Ń Kàwé

Bí a ti ń yin kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀, ó yẹ kí a yin síléètì braille pẹ̀lú, irinṣẹ́ tí àwọn tí kò ríran fi ń kọ̀wé. Louis Braille, ọmọ Faransé tí kò ríran, ló tẹ ọ̀nà ìkọ̀wé tí à ń pè ní braille jáde ní 1829. Ojú àmì mẹ́fà péré ló fi to gbogbo lẹ́tà. Akẹ́kọ̀ọ́ á ki bébà líle sínú síléètì, á máa gún un láti ọ̀tún sí òsì. Bó bá yí i padà, ibi tó gún á ti wú, ìka á sì máa kà á láti òsì sí ọ̀tún. Làákàyè ńlá nìyẹn! Kò béèrè iná mànàmáná, kò béèrè dátà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ wà l'Ọ̀yọ́ láti 1977, tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí kò ríran. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ọmọ tí kò ríran sílé. Ẹ fi í sílé ìwé.