Àwòrán Ọkọ̀ Òkun Lébùúté: Dídán Ara Ọkọ̀ àti Iṣẹ́ Tó Ń Mú Un Dán

Nínú gbogbo ohun tí kámẹ́rà ti sọ di iṣẹ́ ọnà láwùjọ Yorùbá, yíya àwòrán ọkọ̀ òkun ńlá, ìyẹn ọkọ̀ tó ń kó èrò àti lẹ́tà la agbami já ní ọjọ́ ìgbéra àti ọjọ́ ìgúnlẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, jẹ́ ọ̀kan tí àwọn onílámèyítọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ará etí òkun nìkan ni, tí kò kan ará òkè. Èrò yìí kò tọ̀nà. Òótọ́ ni pé Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí òkun, tí rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 pàápàá kò ya ìlú méjèèjì, síbẹ̀ inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí wọ́n kọ ní Ọ̀yọ́ gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, irú rẹ̀ náà sì ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ́ lọ kàwé ní Amẹ́ríkà nígbà náà gbọ́dọ̀ wọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, àwòrán ọkọ̀ kò lè pé lójú òye bí kò bá jẹ́ kí olùwò mọ iṣẹ́ ọwọ́ tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe àti ẹrù tó gbé sínú.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, iyanrìn tí omi kó jọ sẹ́nu ọ̀sà Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńlá wọlé. Ojú agbami lóde ni ọkọ̀ ń dúró sí, tí wọ́n á fi àga tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ agbẹ́rù sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń bì síhìn-ín bì sọ́hùn-ún, ayàwòrán tó wà ní etídò kò sì lè rí ju èéfín àti òjìji ọkọ̀ lọ. Ìgbà tí ìjọba amúnisìn fi òkúta mọ odi sínú omi lẹ́nu ọ̀nà náà, tí àwọn ọkọ̀ ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní 1914, tí wọ́n tún parí èbúté Àpápá ní 1926, ni ìṣòro náà yí padà: ọkọ̀ wá sún mọ́ni jù. Ọkọ̀ Aureol, tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun Elder Dempster fi sẹ́nu iṣẹ́ láàárín Liverpool àti Èkó ní 1951, gùn tó mítà 164. Ẹni tó bá dúró lórí wọ́ọ̀fù létí rẹ̀ kò lè rí gbogbo rẹ̀ gbà sínú àwòrán kan, àfi tó bá lo lẹ́ńsì tó ń fẹ ojú ìwòye, bẹ́ẹ̀ lẹ́ńsì yìí a máa wú imú ọkọ̀ jáde, a sì máa fún ìdí rẹ̀ pọ̀, tí ohun tó gún régé lójú á fi wọ́ nínú àwòrán. Ohun tó dára jù ni kí ayàwòrán sọdá sí Màrínà ní erékùṣù Èkó, kó wo ọkọ̀ láti òdìkejì omi. Nítorí pé ìwọ̀ oòrùn Màrínà ni Àpápá wà, òwúrọ̀ ni àsìkò tó yẹ, nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn ayàwòrán, tó ń tàn sára ọkọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni oòrùn ń bọ́ sí, ìhà tó kọjú sí kámẹ́rà á sì ṣókùnkùn. Nígbà ọyẹ́, eruku a bo àárín omi, a sì pa ìlà ara ọkọ̀ rẹ́.

Òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ní láti wá láti òkèèrè. Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1973 nípa bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ère, níbi tó ti to ọ̀rọ̀ wọn sábẹ́ òṣùwọ̀n mélòó kan. Lára wọn ni ìjọra, pé kí ère jọ ẹni tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún láìjọ ọ́ kọjá bó ti yẹ. Ìfarahàn, pé kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan hàn kedere. Gígún, pé kó dúró ṣánṣán. Àti dídán, pé kí ara rẹ̀ máa kọ mọ̀nà. Ní 1978, olùwádìí mìíràn, Stephen Sprague, fi òye kan náà wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Yorùbá, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì ṣàkíyèsí bí àgbàlagbà ṣe ń jókòó kọjú sí kámẹ́rà, tí wọ́n á tẹ́ agbádá rẹ̀ kó lè hàn tán. Àwòrán tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun máa ń bẹ ayàwòrán lọ́wẹ̀ fún, irú èyí tí iléeṣẹ́ Stewart Bale ní Liverpool gbajúmọ̀ fún, kò yàtọ̀ sí àwòrán àgbàlagbà yìí: wọ́n á tẹ́ ọkọ̀ náà sílẹ̀ láti imú dé ìdí, òpó èéfín rẹ̀ á dúró ṣánṣán, kò sì ní sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Gbogbo òṣùwọ̀n yẹn ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kúnjú, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan pa mọ́.

Ohun tó fi pa mọ́ ni pé dídán kì í ṣe ìwà irin. Ara Aureol funfun láti òkè dé ibi tí omi mọ, ọkọ̀ funfun tó sì ń ná etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kì í sinmi lọ́dọ̀ ìpẹtà, nítorí pé iyọ̀ òkun, oòrùn àti ọ̀rinrin ń jẹ irin nígbà gbogbo. Lábẹ́ ihò tí ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró ń gbà jáde, àti lábẹ́ ojú ọ̀nà tí omi ń gbà ṣàn kúrò lórí pèpéle ọkọ̀, ìpẹtà a máa fa ilà pupa rúsúrúsú sísàlẹ̀ láàárín ìrìn àjò kan ṣoṣo. Àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó sórí pákó tí wọ́n fi okùn so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n á fi òòlù gbá ìpẹtà náà kúrò, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ojú irin títí á fi mọ́, wọ́n á kọ́kọ́ kun ọ̀dà pupa tí wọ́n fi òjé pò, èyí tí kì í jẹ́ kí ìpẹtà tètè padà, kí wọ́n tó kun funfun lé e. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn Kru, ẹ̀yà kan láti etíkun Làìbéríà tí ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀dó sí Freetown, wà lára àwọn tí ọkọ̀ Elder Dempster ń gbà síṣẹ́ bó bá ti dé ibẹ̀, láti bá wọn kó ẹrù kí wọ́n sì tún ara ọkọ̀ ṣe. Apá tó wà lábẹ́ omi tún burú jù, nítorí pé nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ewédò àti ìgbín òkun tètè máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, wọn a dín eré rẹ̀ kù, wọn a sì mú un jẹ epo sí i. Kò sí kámẹ́rà tó lè rí èyí lébùúté, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wọ kòtò tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ. Nítorí náà, àwòrán tí pákó àwọn tó ń kun ọkọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, tí ilà ìpẹtà sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, níye lórí ju àwòrán tó mọ́ tónítóní lọ, nítorí pé òun ló fi ibi tí dídán ti wá hàn.

Ẹrù inú ọkọ̀ ló ṣòro jù láti yà. Nọ́ńbà tí wọ́n kùn sí imú àti ìdí ọkọ̀ ń sọ bó ti rì sómi tó, òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì ti sọ ọ́ di dandan láti 1876 pé kí àmì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ aṣòfin Samuel Plimsoll pè, láti fi ìwọ̀n ẹrù hàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á mọ̀ láti inú àwòrán bóyá ẹrù wà nínú ọkọ̀ tàbí kò sí. Ohun tí ẹrù náà jẹ́ ni kò ní mọ̀.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Appam ti kan Ọ̀yọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tó jẹ́ dókítà, tún ìwé náà tò láti inú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ó sì fi í ránṣẹ́ láti Èkó nínú Appam ní oṣù kìíní ọdún 1916. Láàárín oṣù náà, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ ogun Jámánì tó ń jẹ́ Möwe mú Appam nítòsí Madeira, lẹ́fútẹ́nàǹtì Hans Berg sì tù ú la Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí Hampton Roads ní Virginia. Àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà rọ́ lọ síbẹ̀, lára àwòrán gíláàsì tí iléeṣẹ́ Bain kó jọ sì wà ní Library of Congress ní Washington títí di òní. Ọ̀rọ̀ ipò ọkọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, èyí tó dájọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1917 pé ọkọ̀ tí wọ́n mú lójú ogun kò lè fi èbúté orílẹ̀-èdè tí kò dá sí ogun ṣe ibùgbé, àyàfi tó bá bàjẹ́, tí ìjì bá lé e, tàbí tí epo tàbí oúnjẹ bá tán nínú rẹ̀. Wọ́n dá ọkọ̀ náà padà fún olówó rẹ̀. Ìwé Johnson kò bá a sọnù: ó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé, ó sì jáde ní 1921, ọdún kan lẹ́yìn ikú Obadiah.

Bí a bá fi dídán nìkan wọn àwòrán Appam ní Virginia, kò lè bá àwòrán ìpolówó Aureol dọ́gba, nítorí pé ìgbà òtútù ni ọkọ̀ náà la òkun já lábẹ́ ìbọn, kò sì sí ẹni tó ráyè kùn ún. Síbẹ̀ kò sí àwòrán ọkọ̀ òkun tó wúwo tó o fún òǹkàwé ìtàn Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ìwúwo náà kò sí lójú àwòrán rárá. Àkọlé ló lè gbé e. Wọ́n wó Appam ní 1936. Aureol kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1974, wọ́n tà á, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n fi ṣe ilé gbígbé ní èbúté ilẹ̀ Sáúdí, wọ́n sì wó òun náà ní Alang, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní 2001. Ó wá ku àwòrán nìkan, èyí tí àwọn ibi ìpamọ́ sábà máa ń kọ orúkọ ọkọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti iléeṣẹ́ tó ni ín sí lábẹ́. Àkọlé bẹ́ẹ̀ kò tó. Ti Appam gbọ́dọ̀ ní orúkọ Ọ̀yọ́ nínú.