Orin Tí Ọwọ́ Kankan Ò Lù

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìlù bàtá yé, kó fi oníjó sílẹ̀ ná, kó sún mọ́ àwọn onílù. Ìyáàlù dábùú níwájú ẹni tó gbé e kọ́rùn, ṣaworo ń dún lára rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ń gbá ojú ńlá. Bílálà, awọ líle tó dà bí ẹgba, ń ta ṣáṣá, ojú kékeré. Omele abo ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àlàfo tí ìyá bá fi sílẹ̀ ló máa ń kó sí. Omele akọ ò bá wọn jiyàn: ohun kan náà ló ń tẹnu mọ́ ṣáá.

Mo jókòó ti ọmọ àyàn kan rí tó ń fi omele abo nìkan kọ́ṣẹ́. Ká má purọ́, kò dùn. Ó ń dún, ó ń dákẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń sọnù mọ́ lẹ́nu. Ọ̀gá rẹ̀ gbé ìyáàlù, òun náà lu tirẹ̀: gbólóhùn tí wọ́n ya sí méjì. Wọ́n wá pa á pọ̀, orin kan sì yọ láàárín wọn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò lù.

Gbé ìlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí òṣùwọ̀n, ìwúwo wọn ò ní ju àròpọ̀ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Orin ò rí bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí omele abo fi bíńtín pẹ́ lẹ́yìn: awọ ò yí padà, iye ìgbà tó lù ò dín, ṣùgbọ́n orin ti lọ. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pe ìlù wọ̀nyí ní iyá, itótele àti okónkolo, wọn ò lo bílálà, ọwọ́ lásán ni wọ́n sábà máa ń fi gbá ojú méjèèjì. Síbẹ̀, orin ṣì ń ti inú ìlù kan bọ́ sínú òmíràn. Bí lílù ṣe ń pàdé lílù ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan á ní etí ló ń tàn wá, pé lílù lásán ló wà níbẹ̀. Mi ò gbà. Orin yẹn ni oníjó ń fẹsẹ̀ dáhùn. Oníyàálù á wo ẹsẹ̀ náà, á sì yí ọwọ́ padà. Ohun tí ọwọ́ bí ti ń darí ọwọ́.

Ọmọ àyàn yẹn ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá rẹ̀ ò ní kó lù ú le. Ó ní, “Má wo ọwọ́ rẹ. Èmi ni kó o gbọ́.” Nígbà tó bọ́ sí i, ọmọ náà gbójú sókè, ó ń wá ẹni tó ń kọrin.