KÍ NI ORÚKỌ ỌLỌ́DẸ ẸNU Ọ̀NÀ?
Àgbéyẹ̀wò lórí fíìmù ìdigunjalè

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Yorùbá kì í fi orúkọ ṣeré. Ẹni tí a bá sọ lórúkọ ni a gbà pé ó ti di ẹni àwùjọ. Ẹni tí kò bá lórúkọ, kò sí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀ ní ọjọ́ tí a kò bá rí i mọ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ṣe àgbéyẹ̀wò fíìmù ìdigunjalè, kò yẹ kí ó jẹ́ pé bí ìbọn ṣe ń dún àti bí ọkọ̀ ṣe ń sáré nìkan ni a ó máa yẹ̀ wò. Ó yẹ kí a bèèrè pé: ta ni fíìmù náà fún lórúkọ, ta ni ó sì fi orúkọ dù?

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí ìbéèrè yìí. Ogunu, ní ìlú Warri, ni ilé àwọn òbí mi wà, iṣẹ́ ọlọ́dẹ báńkì ni bàbá mi sì ń fi tọ́ wa. Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, gbogbo wa jókòó ti tẹlifísàn, a ń wo fíìmù kan tí àwọn adigunjalè ti ń fọ́ báńkì. Kí ìtàn náà tó rìn jìnnà, àwọn olè ti yìnbọn pa ọlọ́dẹ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà kò sọ gbólóhùn kan kí ó tó ṣubú. Àwọn àbúrò mi hó yèè nítorí pé ìró ìbọn náà dùn mọ́ wọn. Bàbá mi wá bèèrè pé, "Kí ni orúkọ ọkùnrin yẹn?" Àbúrò mi ní, "Ṣé olórí wọn ni ẹ ń wí, bàbá?" Wọ́n ní, "Rárá o. Ẹni tí a pa lẹ́nu ọ̀nà ni mo ń bèèrè." Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nínú wa. Nígbà tí fíìmù parí tí orúkọ àwọn òṣèré ń kọjá, mo fara balẹ̀ wá a. Ọlọ́dẹ Kìíní ni a kọ síbẹ̀. Mo kà á sókè fún bàbá mi. Wọ́n ní, "Ó dára," wọ́n sì dìde lọ ti ilẹ̀kùn ilé.

Ìbéèrè bàbá mi yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n.

Oyè tí olè fi jẹ ara rẹ̀

Nínú àwọn fíìmù tí ó kọ́kọ́ gbé ìtàn adigunjalè jáde nílẹ̀ wa, ọ̀kan tí a kò lè fò dá ni The Rise and Fall of Dr. Oyenusi, èyí tí Eddie Ugbomah ṣe ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1970. Aṣáájú ni Ugbomah, tí ó kú ní ọdún 2019, nínú iṣẹ́ fíìmù ní Nàìjíríà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe olórí olè nínú fíìmù yìí. Ìtàn gidi ni ó gùn lé. Ní oṣù kẹta ọdún 1971, Ishola Oyenusi àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ja ilé iṣẹ́ WAHUM ní Ìkẹjà lólè, wọ́n sì pa ọlọ́pàá kan níbẹ̀. Òfin ìdigunjalè tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1970 ni a fi dá wọn lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, a yìnbọn pa Oyenusi àti àwọn mẹ́fà mìíràn ní etí òkun Bar Beach ní Èkó, lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó wá wòran.

Ẹ jẹ́ kí a wo àkọlé fíìmù náà. Ìgòkè àti ìṣubú ni ó ń sọ, ìyẹn sì dára, nítorí pé òǹwòran ti mọ ibi tí ìtàn yóò já sí kí ó tó sanwó wọlé. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀sùn kan Ugbomah pé ó fi òpin olè pa mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà láàárín àkọlé náà tí ó ń dùn mí: Dókítà. Oyenusi kì í ṣe dókítà oníṣègùn, kì í sì í ṣe ti ìwé. Oyè tí olè náà fi jẹ ara rẹ̀ ni, fíìmù sì bá a gbé e ru. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ oríkì láàárín Yorùbá yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Bí a bá ti ń pe ènìyàn ní orúkọ oyè rẹ̀, ìdajì ìyìn ti wọlé, ìbáà jẹ́ èébú ni a fẹ́ bú u.

Ẹ wo èso rẹ̀. Ó ti lé ní 50 ọdún tí Oyenusi ti kú, síbẹ̀ àwa tí a kò tíì bí nígbà náà mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́pàá tí ó kú ní ẹnu iṣẹ́ ní WAHUM ńkọ́? Kọ́ńsítébù Nwi ni orúkọ tí àkọsílẹ̀ fún un. Mo bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ọ̀kan tí ó gbọ́ ọ rí. Kí n tó máa wá ohun tí n ó kọ sí ìwé ìròyìn yìí, èmi náà kò gbọ́ ọ rí.

Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ Ìjàpá

Àlọ́ kan wà tí ó lè là wá lóye níhìn-ín. Ìjàpá lọ jí iṣu nínú oko àna rẹ̀. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àna sì so ó mọ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà oko. Ní òwúrọ̀, gbogbo ẹni tí ó ń lọ sí oko ni ó ń dá Ìjàpá lẹ́bi: irú olè wo ni èyí, tí kò mọ ojú àna rẹ̀? Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ènìyàn náà ń padà bọ̀, tí wọ́n rí i pé Ìjàpá ṣì wà lórí ìdè, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, wọ́n sì yí ẹ̀bi padà sórí àna: iṣu mélòó ni ó jí tí o fi fẹ́ pa á?

Ọgbọ́n inú àlọ́ yìí jinlẹ̀. Ó mọ̀ pé ojú òǹwòran kì í dúró sí ibì kan. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò jẹ́ kí àna sọnù. Àna wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀, ó wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. A mọ oko tí a jí, a sì mọ ẹni tí ó ni ín. Àṣìṣe ọ̀pọ̀ fíìmù ìdigunjalè ni pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbé fún wa, wọn a sì gbàgbé òwúrọ̀.

Àwa ará Warri kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kí a má dárúkọ Lawrence Anini. Ìpínlẹ̀ Bendel ni Warri wà ní ọdún 1986, nígbà tí Anini àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọ́ báńkì, tí wọ́n ń gba ọkọ̀ olọ́kọ̀, tí wọ́n sì ń pa ọlọ́pàá. Bàbá mi jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ káàkiri pé Anini ní oògùn àféèrí, pé ó ń fọ́n owó sí ọjà kí tálákà lè ṣà á. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán, ẹnu àwọn aráàlú ti ṣe fíìmù náà tán. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1986, ọwọ́ tẹ Anini ní ìlú Benin. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pé 30 ọdún ni gbogbo ayé rí, ìbọn ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni ó sì ti jẹ́jọ́. A yìnbọn pa á ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1987. Wọ́n pa George Iyamu pẹ̀lú, ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó ń ran àwọn olè lọ́wọ́. Ní gbogbo ìgbà tí bàbá mi sọ ìtàn yìí, orúkọ méjì yìí nìkan ni mo gbọ́. Àwọn tí wọ́n pa kò lórúkọ nínú rẹ̀.

Howard

Fíìmù tí mo wò tí ó gbé òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ kalẹ̀ pọ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Dog Day Afternoon ni àkọlé rẹ̀, Sidney Lumet, ará Amẹ́ríkà, ni ó sì darí rẹ̀ ní ọdún 1975. Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni òun náà gùn lé, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní báńkì kan ní Brooklyn, New York, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1972. Sonny, tí Al Pacino ṣe, àti Sal, tí John Cazale ṣe, wọ báńkì pẹ̀lú ìbọn. Ẹnì kẹta wọn bẹ̀rù, ó sá padà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí owó, wọ́n rí i pé a ti kó owó lọ. Nǹkan bí 1,100 dọ́là péré ni ó kù. Kí wọ́n tó jáde, ọlọ́pàá ti yí ilé náà ká, wọ́n sì há mọ́ inú báńkì pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ nínú ooru tí ó mú janjan.

Bí èrò ti ń pé jọ, Sonny jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kígbe pé "Attica! Attica!" Orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n tí rògbòdìyàn ti ṣẹlẹ̀ ni Attica, níbi tí ènìyàn 43 ti kú. Ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 ni rògbòdìyàn náà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kejì tí a pa Oyenusi ní Bar Beach. Ẹ̀mí àwọn tí ó kú níbẹ̀ ni Sonny fi ń bu ọlọ́pàá, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìrọ̀lẹ́ Ìjàpá dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Lumet kò gbàgbé òwúrọ̀. Inú báńkì kò ṣófo. Sylvia, tí ó jẹ́ olórí àwọn akọ̀wé obìnrin, bọ́ sí ìta, ó lè sá, ó sì padà wọlé nítorí àwọn ọmọbìnrin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́dẹ kan sì wà níbẹ̀, àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Kò kú ní ìṣẹ́jú kìíní. Ó ní orúkọ: Howard ni wọ́n ń pè é. Nítorí àìsàn rẹ̀, òun ni Sonny kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Bí ó ti ń jáde, àwọn ọlọ́pàá rọ́ lù ú, wọ́n ṣe é bí olè. Fíìmù náà kò ṣe àlàyé, kò sì nílò rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, a rí ọkùnrin kan tí ó bọ́ lọ́wọ́ olè tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á.

Fíìmù náà kò ṣàìní àléébù. Lẹ́yìn ìyẹn, Howard pòórá nínú ìtàn. Pacino pàápàá dùn-ún wò jù. Òǹwòran lè gbàgbé pé ìbọn ni ó fi dá àwọn obìnrin náà dúró. Ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ tún un ṣe. Ní pápákọ̀ òfuurufú, a yìnbọn pa Sal, a mú Sonny, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì sì ń dì mọ́ ara wọn láìbojú wo Sonny mọ́. Wọ́n ti padà sí ayé tiwọn, fíìmù sì jẹ́ kí a rí i pé wọ́n ní ayé tiwọn.

Ìdáhùn sí àwọn tí yóò takò mí

Àwọn kan lè sọ pé eré ni eré ń jẹ́, pé bí a bá ní kí a sọ ìtàn gbogbo ẹni tí ó kọjá lójú àwòrán, fíìmù kò ní í parí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò bèèrè ìtàn ìgbésí ayé ọlọ́dẹ. Orúkọ kan àti gbólóhùn kan ti tó. Àkókò tí Howard lò kò pọ̀, síbẹ̀ n kò gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì fọ́ báńkì bíi mélòó kan ní ọjọ́ kan náà. Ó lé ní 30 ènìyàn tí ó kú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin tó dá ẹjọ́ ikú fún àwọn márùn-ún. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣe fíìmù lọ́la, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́kọ́ lọ bèèrè orúkọ àwọn òkú lọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀fà, kí ó tó wá òṣèré tí yóò ṣe olórí olè.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí a ó jọ di olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà tí mo lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, mo rí àwọn ọmọ tí ó ń ṣeré olè-fọ́-báńkì ní àkókò ìsinmi. Gbogbo wọn ni ó fẹ́ ṣe olórí olè. Èyí tí ó kéré jù ni wọ́n fi ipá mú ṣe ọlọ́dẹ. Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ayé ọlọ́dẹ báńkì, kí wọ́n sì fún un lórúkọ. Ọmọ kan kọ ọ́ pé owó ilé ìwé ni ọlọ́dẹ náà ń rò bí ó ti ń ṣí ilẹ̀kùn. N kò sọ pé àròkọ kan yí ìwà wọn padà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọlọ́dẹ tiwọn ní orúkọ.

Mo sọ ìtàn Howard fún bàbá mi lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n bèèrè bóyá ikọ́ náà lọ, mo sì ní fíìmù kò sọ. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i, wọ́n kúkú mọ orúkọ rẹ̀." Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn sùn, nítorí pé àwọn ni yóò ṣí ilẹ̀kùn báńkì ní òwúrọ̀ ọ̀la.