Pico ní Gbàgede Ìjà: Àyẹ̀wò Eré Newgrounds Rumble

Ẹ̀dá ìtàn tí a bá mú kúrò nínú ìtàn rẹ̀ a máa dà bí àlejò tí ó sọ ẹrù rẹ̀ nù sójú ọ̀nà: orúkọ rẹ̀ kò yí padà, aṣọ ọrùn rẹ̀ kò sì yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí yóò fi han ọmọ ẹni tí òun í ṣe kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìṣòro yìí ni ó ń dojú kọ gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ kó akọni inú oríṣiríṣi ìtàn jọ sí gbàgede kan ṣoṣo kí wọ́n lè bá ara wọn jà. Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni eré orí kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Newgrounds Rumble, tí Luis àti Mindchamber ṣe jáde ní ọdún 2007. Àwòrán inú rẹ̀ dán, ìjà inú rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbé irú eré bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò kò gbọdọ̀ dúró lórí ta ni ó lágbára jù. Kí ó wo ohun tí ó ṣẹ́ kù lára ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ó ti wọ gbàgede.

Newgrounds ni orúkọ ojúlé tí Tom Fulp, ará Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2000 ni ojúlé náà ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àwòrán tàbí eré láti gbé wá. Àwọn òǹwòran ni ó ń dìbò, ìbò wọn ni ó sì ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà yóò dúró tàbí wọn yóò yọ ọ́ dànù. Ètò tí kò láàánú ni, ó sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ pàǹtí rí àyè wọlé. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ náà ni àwọn akọni tí à ń sọ yìí ti jáde. Flash ni irinṣẹ́ wọn, tí ó ń fi ìlà àti àwọ̀ pa àwòrán mọ́ ní ìwọ̀nba, tó bẹ́ẹ̀ tí okùn tẹlifóònù ìgbà náà fi lè gbé e. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú yàrá rẹ̀ lè dá akọni sílẹ̀ láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ sinimá kankan.

Ibí yìí ni Rumble ti yàtọ̀ sí Super Smash Bros., tí Masahiro Sakurai darí rẹ̀ ní Japan ní ọdún 1999. Akọni méjìlá ni ó wà nínú ti Japan yẹn, orí ẹ̀rọ Nintendo ni gbogbo wọn sì ti gba òkìkí. Ọwọ́ ńlá kan ni ó kọ́kọ́ farahàn; ó to ọmọláńgidi sórí tábìlì, ó sì fi ẹ̀mí sí wọn nínú. Ọgbọ́n gidi ni èyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni olùdarí eré náà ti fi hàn pé ọmọláńgidi ni wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà wá ìtàn wọn níbẹ̀. Àwọn akọni Rumble kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó ya Hank kọ́ ni ó ya Tankman, ẹni tí ó ya Tankman kọ́ ni ó sì ya Pico. Oníkálùkù wọn gbé ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ wá.

Hank kò pàdánù ohunkóhun. Inú Madness Combat ni ó ti wá, ọ̀wọ́ àwòrán tí ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Krinkels bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002. Hank kì í sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ so mọ́ ara rẹ̀. Yóò wọ yàrá kan, yóò pa gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀, yóò gba ohun ìjà wọn, yóò wọ yàrá kejì. Wọn yóò pa òun náà, yóò sì tún dìde. Ìjà ni ìtàn rẹ̀, kò ní òmíràn. Nígbà tí wọ́n gbé e wọ gbàgede, ṣe ni wọ́n gbé ẹja láti inú odò kan bọ́ sínú odò mìíràn. Bákan náà ni Alien Hominid, àlejò kékeré aláwọ̀ ìyeyè láti òkè ọ̀run tí Fulp àti Dan Paladin ṣe ní ọdún 2002: láti ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ti já lulẹ̀ sí àárín àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Amẹ́ríkà ni kò ti rí àyè ṣe ohun mìíràn ju kí ó jà.

Ti Tankman kò rí bẹ́ẹ̀. Àwàdà ni JohnnyUtah fi dá a. Ọmọ ogun ni, ogun sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun àti ẹnì kejì rẹ̀ a máa jiyàn lórí ohun tí kò tó nǹkan, wọn a máa bú ara wọn, ọ̀rọ̀ kan a sì máa bí òmíràn títí ẹ̀rín yóò fi pa òǹwòran. Ẹnu rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ ju gbólóhùn kan sílẹ̀ nígbà tí ó ń jà, ìtàkùrọ̀sọ kọ́ ni, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Fágúnwà kò jẹ́ ṣe irú èyí. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, Kàkó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ sì ní ohùn. Kí ìrìn náà tó dé Òkè Láńgbòdó, ìṣòro tí kùmọ̀ kò lè yanjú ti dìde, orin sì ti rí iṣẹ́ ṣe. Gbàgede Rumble kò ní ìṣòro méjì. Ẹni tí kò bá lè lu ènìyàn kò ní ohun tí yóò fi ṣe níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀dínkù àwàdà lásán ni ti Tankman. Ọ̀rọ̀ Pico wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹrin ọdún 1999, akẹ́kọ̀ọ́ méjì gbé ìbọn wọ ilé-ìwé Columbine ní ìpínlẹ̀ Colorado, wọ́n sì pa àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn àti olùkọ́ kan. Nínú ọdún náà gan-an ni Tom Fulp ṣe Pico's School. Ọmọ ilé-ìwé ni Pico. Ó jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí Cassandra dìde tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yìnbọn. Ọ̀nà tí ọmọdé kan fi la ilé-ìwé tí òkú kún já ni ẹni tí ń gbá eré náà ń tẹ̀ lé. Eré tí kò lójú àánú ni. Ó ń fi ọ̀fọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ìparí rẹ̀ sì ya wèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbá a kò lè gbàgbé ibi tí ìbọn ọwọ́ Pico ti wá. Ọmọ tí ó yẹ kí ó mú ìwé lọ́wọ́ ni ó mú un. Ara a máa ta òǹwòran, ó sì yẹ kí ó ta á.

Rumble mú ìbọn náà, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Pico di ọ̀kan lára àwọn ajàjàgbára, ohun tí ó ń ba ni nínú jẹ́ nípa rẹ̀ sì parẹ́. Ẹ̀bi tí ó tóbi jù lọ nínú eré náà nìyí, ẹwà àwòrán kankan kò sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan gbèjà rẹ̀ pé àwọn òǹwòran ọdún 2007 mọ ìtàn náà lórí, pé fún wọn, ìrísí Pico nìkan tó oríkì: wọ́n rí irun pupa yẹn, gbogbo ìyókù sì wọlé wá fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn tí wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ dìbò fún àwọn akọni wọ̀nyí ni wọ́n pèsè eré náà fún. Ṣùgbọ́n àjèjì tí ó bá gbọ́ oríkì ìdílé tí kò mọ̀, ohùn ni yóò gbọ́, kò ní gbọ́ ìtumọ̀. Àwọn àjèjì sì ń pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Adobe jáwọ́ nínú Flash, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní ọdún 2021, wọ́n dí ojú rẹ̀ pa. Bí kì í bá ṣe ti Ruffle àti irú àwọn irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ń jẹ́ kí àwọn iṣẹ́ àtijọ́ tún ṣeé wò, ìtàn ì bá ti kú, kí orúkọ sì máa jà kiri.

Ní ọdún 2020 yẹn kan náà, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn lórí Newgrounds ṣe Friday Night Funkin', wọ́n sì pe Pico padà. Tankman dé ní ọdún 2021. Ìjà ni èyí náà, ṣùgbọ́n orin ni wọ́n fi ń jà á. Ọ̀tá yóò kọ tirẹ̀, ẹni tí ń gbá eré náà yóò sì tẹ bọ́tìnì déédéé kí ẹni tirẹ̀ lè dá a lóhùn. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, Tankman ti dúró, ó ń bú ènìyàn bí ó ti máa ń bú wọn tẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti padà sí i lára, ó sì ti rí ẹni tí yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ìjà náà le tán, Pico já wọ àárín wọn, ó gun orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń yìnbọn lu àwọn ọmọ ogun Tankman. Inú àwọn òǹwòran dùn láti rí i. Kò sí ẹni tí ó mẹ́nu ba ilé-ìwé.