Ọwọ́ Tó Mọ Orí Igi Ẹ̀gẹ́ Yàtọ̀ sí Ìdí

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Ilé-Ogbó, ẹ lọ wo àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Àdá mímú ni wọ́n fi ń gé igi rẹ̀ ní kúkúrú, kí ojú 5 sí 7 lè wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì: àtàǹpàkò rẹ̀ ti kan àpá ibi tí ewé ti já, òkè àpá náà ni ojú sì máa ń wà. Ó ti mọ orí, ó ti mọ ìdí. Ó tì í bọ inú ebè, ó di ọ̀kan.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ní 1878, Hermann Vöchting ará Jámánì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí a tilẹ̀ dorí igi tí a gé kodò, ìdí rẹ̀ àtijọ́ ló ṣì ń ta gbòǹgbò. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan inú igi ló ní òkè àti ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní PIN kóra jọ sí ìsàlẹ̀ bí oníbodè, wọ́n ń ti èròjà auxin lọ sí ìdí. Ibi tó bá gbárajọ sí ni gbòǹgbò ti ń yọ. Ẹ̀gẹ́ tí a dorí rẹ̀ kodò lè hù o, ṣùgbọ́n tipátipá ni.

Gbogbo gààrí tí à ń mu, abẹ́ àtàǹpàkò yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.